Ọgbà Wáyà tí Barnabé Ṣe fún Kòkànmí

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì ọdún 1983, wọ́n ka àṣẹ kan sí etígbọ̀ọ́ àwọn ará abúlé kan lẹ́bàá Okpomèta. Àwọn tí kò fẹ́ràn ara wọn ló sọ ọjọ́ kan náà láìmọ ohun tí ẹnì kejì sọ, nítorí náà a lè gbà á gbọ́. Àṣẹ náà kò gùn. Ajá dìgbòlugi ti bu àwọn èèyàn jẹ lápá Adakplamè, ọ̀kan nínú wọn sì ti kú. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ajákájá tí wọ́n bá rí lóde ọgbà olówó rẹ̀, ìbọn ni. Èyí tó bá wà lórí ìso tàbí nínú ọgbà, wọn kò ní fọwọ́ kàn án.

Honoré, délégé tó ń ṣojú ìjọba ní abúlé, ló kà á. Ó kà á lédè Faransé, ó túmọ̀ rẹ̀, ó fi "Ẹ̀húzú", igbe ìyípadà tí ìjọba ń ké, parí rẹ̀, àwọn èèyàn sì dáhùn "Dàńdàn" bí ẹni tó ń sín. Lẹ́yìn náà, oníkálukú wá ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró láti béèrè ọ̀rọ̀, Barnabé sì ni. Ó ní kí wọ́n sọ fún òun, kí ni ìjọba ń pè ní ọgbà? Honoré ronú díẹ̀, ó ní ohunkóhun tí ajá kò bá ti lè kọjá.

Ẹni tó bá mọ Barnabé nígbà yẹn mọ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó ń wọ́, ó sì mọ ajá rẹ̀ pupa. Akọ màlúù ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ náà ní oko ẹran ìjọba kan, níbi tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Òun ló ń tọ́jú wáyà oníná tí wọ́n fi yí pápá ká kí màlúù má baà wọ oko àgbàdo. Nígbà tí oko náà dàrú, tí ẹran kú tán, Barnabé padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan àbọ̀ àti àpótí tó ń ti iná sínú wáyà. Ó ní ọ̀gá òun ló fi ta òun lọ́rẹ. Kò sí ẹni tó jẹ́rìí sí i, ọ̀gá náà sì ti lọ. Àmọ́ kò sí ẹni tó wá béèrè àpótí yẹn náà.

Ajá rẹ̀ jẹ́ abo, Kòkànmí lorúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn: ohun tí ẹnu kò bá lè sọ sí aládùúgbò, a máa ń fi pe ajá. Ìjà náà parí, àbúrò bàbá kú, orúkọ kù. Honoré ti bá a sọ ọ́ rí pé kò bójú mu kí èèyàn máa pariwo "Kòkànmí" ní ìta gbangba nígbà tí ìpàdé ìjọba bá ń lọ. Barnabé ní kí ó lọ bá ajá sọ ọ́.

Lọ́dún yẹn, òjò ti já gbogbo ayé kulẹ̀. Àgbàdo kò yọmọ, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n wú kò ju ìka ọwọ́ lọ. Barnabé kò ní ìbọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè sáré tẹ̀lé ẹran. Ó máa ń dúró sí etí igbó pẹ̀lú àdá, Kòkànmí á wọ inú ewéko lọ, á lé ọ̀yà jáde, á pa á, á gbé e wá síbi tó dúró sí. Nínú ẹran yẹn ni òun àti Philomène ìyàwó rẹ̀ ti ń jẹun, nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tà tí wọ́n fi ń ra gààrí. Bí wọ́n bá pa ajá yẹn, ebi ni. Philomène kò fẹ́ràn ajá rárá, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí kò so ó? Gbogbo abúlé ló bi í. Ṣàngódélé, aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà, ti fi ẹ̀wọ̀n so tirẹ̀ mọ́ ìdí máńgòrò lọ́jọ́ kejì àṣẹ, oorun rẹ̀ sì já geere. Barnabé dáhùn pé nílé bàbá òun, ajá tí wọ́n bá so lọ́rùn, ti Ògún ni, ajá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí a bá so ajá ọdẹ, á gbà pé ọjọ́ òun ti pé, ọkàn rẹ̀ á kúrò nínú igbó, kò sì ní ṣọdẹ mọ́ bí a bá tilẹ̀ tú u. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àhesọ àwọn àgbà ni. Kò sí ẹni tó wo ọkàn ajá rí. Ohun tó dájú ni pé ó dán an wò. Ó so Kòkànmí mọ́ òpó. Ajá náà dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, kò jẹ, kò mu, kò sì gbó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Barnabé fi ọ̀bẹ gé okùn náà.

Kò lè mọ ògiri, nítorí amọ̀ ń fẹ́ omi, omi sì ni ohun tó wọ́n jù lórí ilẹ̀ gíga tí abúlé náà wà. Ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ, Kòkànmí á walẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀. Ó ku wáyà.

Ó wọ ọkọ̀ èédú lọ sí Kétu, ó lọ bá Marcellin tó ń ta irin lọ́jà. Ó gbé bátírì ọkọ̀ àtijọ́ kan dání kí wọ́n bá a fi iná sí i. Marcellin kọ́kọ́ na wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí i. Barnabé kọ̀ ọ́, ó ní á ya ajá lára, ọgbẹ́ á sì wá di iṣẹ́ mìíràn. Èyí tó tẹ̀lé e ni wáyà dúdú tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin. Ó tẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìka. Ó rọ̀, ó ṣeé dì, ibi tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí ló ń wà. Àmọ́ á dípẹtà lójú òjò kan, iná kì í sì í gba inú ìpẹtà kọjá dáadáa. Marcellin wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa wáyà bàbà jáde lábẹ́ àpò. Barnabé mọ̀ pé ara òpó tẹlifóònù ni wọ́n ti gé e, ẹni tí wọ́n bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́ lọ́dún yẹn, ọ̀tá ìlú ni wọ́n á pè é. Ó ní kí ó tètè dá a padà síbi tó wà. Èyí tó mú níkẹyìn funfun, ó tín-ín-rín, wọ́n ti fi síńkì bò ó. Ó le, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ á ta padà bí ọrun. Irú rẹ̀ ni wọ́n lò ní oko màlúù.

Marcellin béèrè irú ilé tó fẹ́ fi kọ́. Ó ní ilé ajá ni, ilé ajá oníná.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Marcellin wí, "èmi tí mo jẹ́ ọmọ èèyàn, àtùpà ni mo ń tàn nílé."

Iṣẹ́ náà kò le fún un. Ó ri igi gbígbẹ mọ́lẹ̀ yí ilé ká, nítorí igi tútù á mu iná. Ó gé rọ́bà kẹ̀kẹ́ kéékèèké, ó fi wé ojú igi kí wáyà má baà kan igi. Ó fa ìlà kan sí ìwọ̀n orúnkún ajá, ó fa èkejì sí ìwọ̀n imú rẹ̀. Ó so àkísà pupa mọ́ ọn níhìn-ín lọ́hùn-ún kí ajá lè mọ ibi tí ẹ̀rù wà. Ó kan ọ̀pá irin kan mọ́lẹ̀, ó fi wáyà so ó mọ́ àpótí, ó so bátírì, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í ké tọ́, tọ́, tọ́. Ó fi ewé koríko kan wáyà láti mọ agbára rẹ̀. Ó jẹ́ bí ìgbà tí eèrà rìn lára èèyàn.

Ó mọ ohun tó fà á. Iná tó bá ta ẹran gbọ́dọ̀ gba inú ilẹ̀ padà sí ìdí ọ̀pá, kó tó dé inú àpótí, ilẹ̀ tó bá sì gbẹ bí àpáàdì kì í jẹ́ kó kọjá. Ní oko màlúù, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹran ti ń mumi ni ọ̀pá wà. Níbí, ó gbé ìkòkò Philomène, ó da omi inú rẹ̀ sí ìdí irin. Àpótí ké, ó tún fi koríko kàn án, apá rẹ̀ sì ta dé èjìká.

Philomène bá a níbẹ̀. Kí àkùkọ tó kọ ni obìnrin yẹn ti máa ń lọ tò sórí ìlà nídìí kànga jíjìn.

"Bàbá Sidonie," ni ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é, "èmi kò tíì wẹ̀ láti àná, ẹ wá ń fún irin lómi mu."

 Lọ́jọ́ yẹn náà ni Barnabé tu ọ̀pá náà, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ àti omi àwo ń ṣàn sí. Philomène kò bá a sọ̀rọ̀ títí di alẹ́, àmọ́ ó ń da omi àwo síbẹ̀.

Kòkànmí fi imú kan wáyà lẹ́ẹ̀kan. Igbe tó ké, Barnabé kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí ajá náà ti wà lọ́mọ. Ó sá wọ ilé ìdáná, ó sì fara pamọ́ sẹ́yìn ààrò. Lọ́jọ́ kejì, ó ti la ọ̀nà tirẹ̀ tó jìnnà sí àkísà pupa. Àwọn èèyàn wá ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Barnabé sọ fún Ṣàngódélé pé bí màlúù ṣe rí náà nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

"Kòkànmí kì í ṣe màlúù," ni Ṣàngódélé wí.

"Awọ ni gbogbo wọn wọ̀."

Ọjọ́ Ajé pé. Lọ́sàn-án, àwọn ará abúlé Kpankou ti iná bọ igbó láti fi lé ẹran, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lójú ẹ̀ẹ̀rùn. Èéfín dé, súfèé ọdẹ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni gbígbó àwọn ajá. Kòkànmí dìde. Barnabé wà lórí àpótí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó sì pè é. Ajá náà wò ó, ó wo igbó, ó sáré. Wáyà gbà á láyà. Ó ké, àmọ́ eré rẹ̀ kò dín. Ó ti kọjá kí igbe rẹ̀ tó tán.

Barnabé fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń tọ́ ọ, bí ọ̀yà bá gé e jẹ tó sì yí padà, kò ní fún un ní ẹran lọ́jọ́ yẹn. Bí òòrẹ̀ bá fi ẹ̀gún gún un tó sì ń lọ síwájú, òun ló máa jẹ ẹ̀dọ̀. Ajá náà ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà odò: bí ó bá dunni níbi tí ẹran wà, síwájú ni kí á lọ. Màlúù kò kọ́ irú ẹ̀kọ́ yẹn rí. Barnabé ló mọ ti màlúù, òun ló mọ ti ajá, àmọ́ kò fi ọ̀kan wo èkejì títí di ọ̀sán yẹn.

Oòrùn ti yẹ̀ kí Kòkànmí tó dé. Ó gbé ọ̀yà sẹ́nu, ó rìn títí tó fi dé ibi àkísà pupa, ó sì dúró. Barnabé ti tú okùn bátírì kí ó tó dé. Àpótí ti dákẹ́. Ó pè é. Ajá náà gbé ẹran sílẹ̀, ó na ọrùn, ó fà á padà. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ létí wáyà, ó ń sunkún. Kò sí ẹran níwájú rẹ̀ báyìí. Ilé nìkan ló wà níwájú rẹ̀, wáyà sì wà láàárín.

Ibẹ̀ ni Honoré bá wọn. Àwọn oníbọn méjì tí ìjọba rán wá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí Barnabé pe ajá rẹ̀ wọlé. Barnabé ní ó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn oníbọn béèrè lọ́wọ́ Honoré bóyá inú ni wọ́n ń pe ibẹ̀ yẹn tàbí ìta, Honoré sì wolẹ̀.

"Iwájú ilé mi ló wà," ni Barnabé wí. "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, Honoré. Ó ti jẹun nílé yín rí."

"Ẹ pè é, Ẹ̀gbọ́n. A ó dúró."

Wọ́n dúró lóòótọ́; ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Barnabé wọ́ ẹsẹ̀ dé ibi wáyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó gbé e sókè kí ajá rí i. Ó ní kí ó wò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Kòkànmí sún mọ́ ọn, ìrù láàárín ẹsẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí imú rẹ̀ kan ọwọ́ olówó rẹ̀. Barnabé wá fi ọwọ́ kan sílẹ̀ láti fi gbá a mú lọ́rùn, wáyà líle yẹn bọ́, ó ta padà, ó dún láti òpó dé òpó. Ajá fò sẹ́yìn. Ó sá débi tí kò tíì sá dé rí, ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń wo gbogbo wọn.

Barnabé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tu gbogbo ọgbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi àkọ́kọ́.

"Ohun tí ajá kò lè kọjá ni mo pè ní ọgbà, Ẹ̀gbọ́n," ni Honoré wí. "Ó sì ti kọjá."

Ìbọn kan ṣoṣo ni.

Wọ́n sun òkú rẹ̀ lẹ́yìn abúlé, bí àṣẹ ṣe wí. Wọ́n sun ọ̀yà náà mọ́ ọn, nítorí ó ti wà lẹ́nu ajá. Philomène bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ẹran sílẹ̀, ó ní ajá náà kò ṣàìsàn rí, ojú rẹ̀ mọ́. Àwọn oníbọn ní àwọn kì í ṣe dókítà. Ilé náà kò dáná lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Barnabé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ká wáyà. Ṣàngódélé wọlé, ó kí i kú àjálù, ó jókòó, ó sì bá a di orí wáyà kan mú kó má baà ta. Wọ́n jọ ká a dé ìdajì. 

"Ajá mi ti lóyún," ni Ṣàngódélé wí. "Á bímọ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Abo lo fẹ́, àbí akọ?"