Aṣọ Pupa Tí Wọ́n Tú ní Bodè

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu èrò ọkọ̀, n kò sì kà á nínú ìwé ìròyìn, torí ìwé tí mo kà kò pọ̀. Kíláàsì kẹta ni mo ti sọ fún tíṣà pé ó dìgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní mo purọ́, kó wá sí Kábbà, kó bèèrè ẹni tí wọ́n ń sáré pè bí lọ́rì bá dákú lórí òkè.

Abẹ́ Kwara la ṣì wà nígbà náà. Ìlọrin lènìyàn ń lọ bó bá fẹ́ gba ìwé ìjọba, mo sì lọ. Ìwé ìrìnnà pélébé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ fọwọ́ sí. Rédíò ń pariwo rẹ̀ kiri: ẹni tó bá ti mú un lọ́wọ́ kò ní wàhálà mọ́, yóò kàn máa rìn láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì bí ẹni ń ti Kábbà lọ kí àna rẹ̀ ní Ìyàrá. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní in ní gbogbo àdúgbò wa. Tíṣà ò ní in. Akọ̀wé kóòtù ò ní in.

Nígbà tí àbúrò bàbá mi wá kú sí Lomé, níbi tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ta ni ẹbí tún fẹ́ rán bí kò ṣe èmi?

Nígbà àìsàn ló ti ránṣẹ́ sílé pé bó bá jẹ́ ilẹ̀ àjèjì ni yóò gbé òun mì, kí aṣọ ilé wà lára òun. Ọmọ Bùnù ni ìyá tó bí i, àwọn obìnrin Bùnù ló sì ń hun aṣọ pupa tí a fi ń bo àgbà tó bá lọ. Láyé àtijọ́, ara aṣọ òyìnbó ni wọ́n ti ń tú òwú pupa náà, fọ́nrán fọ́nrán, kí wọ́n tó hun ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, ti hun ọ̀kan sílẹ̀ de ikú ara rẹ̀. Ó gbé e jáde, ó ní, "Àbúrò mi ló kọ́kọ́ lọ. Èmi á hun òmíràn."

Ní ilé wa, bí àwọn obìnrin bá ti ká aṣọ yẹn tí wọ́n dì í, ó di ti òkú nìyẹn. A kì í tú u títí á fi dé orí òkú. Bí wọ́n bá tú u lọ́nà, a ò gbọdọ̀ fi bo ẹni tí a gbé e tọ̀ mọ́. Yèyé ní òun ò ní fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọkùnrin lọ́wọ́, òun á bá mi lọ. Mo bá a gba ìwé tirẹ̀ náà. Àwọn ará Lomé ti gbé òkú sí yàrá tútù, wọ́n ń retí wa.

Ọ̀sán gangan la dé bodè. Ibẹ̀ ń rùn. Ìtọ̀, èéfín ọkọ̀, ẹja tó ti bàjẹ́, àti òógùn àwa tí wọ́n tò sínú oòrùn bí ẹran. Mo na ìwé wa. Ẹni tó ń tẹ òǹtẹ̀ wò ó, ó gbá òǹtẹ̀ lé e, ó gbá a lé ti Yèyé. Ó parí! Mo bojú wẹ̀yìn bóyá àwọn èrò rí mi.

Ni aṣọ́bodè kan, ọmọ ilẹ̀ wa níbí, tí ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé, bá fi ọ̀pá gún ẹrù orí Yèyé.

"Màmá, kí ló wà níbẹ̀?"

"Aṣọ òkú."

"Ẹ tú u."

"A kì í tú u."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wo òǹtẹ̀. Wọ́n ti ní ká máa lọ."

"Ènìyàn ni ìwé yìí ń mú kọjá, kì í mú ẹrù kọjá. Níbo lẹ ti wá?"

"Kábbà, ní Kwara."

"Kwara! Ẹ wá wo Gàmbàrí tó ń sọ Yorùbá!" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Yèyé dá a lóhùn pé, "Gàmbàrí wo? Owé, ará Kábbà, ni mí. Ìwọ tí ò ń bi mí, ṣé o mọ ibi tí wọ́n sin bàbá bàbá rẹ sí?"

"Ẹnu yín mú o, màmá. Owó lẹ dì síbẹ̀ tí ẹ fẹ́ kó sọdá."

Yèyé sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó lé e. Èmi tí n kì í bẹ ènìyàn, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣàlàyé òkú, mo ṣàlàyé òfin ilé wa. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fún un ní nǹkan. Ó gbà á. Ó tì í sápò. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé màmá dìde.

Ẹni méjì fọwọ́ kọ́ Yèyé lábíyá, wọ́n gbé e bí ẹni gbé àpò gààrí. Ọkùnrin náà fi ọ̀bẹ gé okùn, ó tú aṣọ náà sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó fi bàtà tẹ ìṣẹ́tí rẹ̀ káàkiri, ó ń wá owó. Kò rí nǹkan kan. Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀.

"Ó yá, ẹ ká a, ẹ máa lọ. Ṣé ẹ rí i pé kò le?"

Kò le! Títí dòní, bí mo bá rántí ohùn yẹn, mo máa ń tutọ́ sílẹ̀.

Yèyé ò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó ní, "Ìwọ lo tú u, ìwọ lo ni ín." Ó ń lọ.

"Màmá, ẹ gbé aṣọ yín o! Màmá!"

Kò wẹ̀yìn. Mo tẹ̀ lé e títí dé Lomé.

Aṣọ funfun tí wọ́n rà lọ́jà ni wọ́n fi bo àbúrò bàbá mi. Àwọn tó mọ ohun tí a ń gbé bọ̀ ń wo ọwọ́ wa. Yèyé dúró lápá orí rẹ̀, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: "Mo dé o, àbúrò mi. Ọwọ́ mi ló ṣófo."

Nígbà tí a ń bọ̀, a tún gba bodè yẹn. Wọ́n ti fa aṣọ náà ya sí méjì. Ọmọ iṣẹ́ kan ń fi ìdajì nu ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ìdajì kejì wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, òun ni wọ́n fi ń nusẹ̀. Wọ́n tún gbá òǹtẹ̀ fún wa, wọ́n ní ká máa lọ láyọ̀.

Yèyé ta òwú sórí òfì nígbà tí a délé. Ó hun ún dé ìwọ̀n apá, ó fi í sílẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ohun tó ṣòfò nìyí. Aṣọ pupa kan. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ọkùnrin kan, tí a ò mú ṣẹ. Aṣọ kejì, tí Yèyé ò hun tán, tí òun náà fi wọlẹ̀ láìní tirẹ̀. Mẹ́ta ni.