Ojú Ìwé Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agbẹjọ́rò ṣe pọ̀ tó ní Ajah, kó wá fi ìwé kíkà kọ́ àwọn ọmọ tí kóòtù ní kí wọ́n lọ tún ìwà wọn ṣe. Ilé tí wọ́n kó wọn sí kò jìnnà sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti máa ń lọ síbẹ̀ láti Igbó Ẹfọ̀n ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ìwé ìtàn kan la jọ ń kà, nípa apẹja kan tí wọ́n ní ó jí àwọ̀n aládùúgbò rẹ̀. A ò tíì ka ojú ìwé mẹ́ta tán tí àwọn ọmọ yìí ti ń gba béèlì fún apẹja. Ta ló rí i? Ṣé wọ́n jẹ́ kó pe ará ilé rẹ̀?

"Àǹtí, ẹni tó kọ ìwé yìí ti dá a lẹ́bi kó tó gbọ́ tẹnu ẹ̀," ọ̀kan nínú wọn wí.

Mo gbaná jẹ. Mo ní kí wọ́n panu mọ́, kí wọ́n kàwé. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé òótọ́ ló sọ.

Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí kì í dá sí ẹjọ́. Bàbá rẹ̀ ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí kan ní Ajah. Fóònù onífóònù tó jí ló gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ wa, àti irọ́ tó pa nígbà tí wọ́n bi í léèrè. Bí mo bá ka orí kan nínú ìwé wa fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, tí mo sì ní kó tún un kà, á kà á geerege, á sì máa mi ara síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Mo wá ń yangàn. Kò sí òṣìṣẹ́ kan nílé náà tí n kò sọ fún pé ọwọ́ mi ni ọmọ yìí ti mọ̀wé.

Ní àkókò yẹn ni ọ̀gá káfíńtà kan ní Ṣàngótẹ̀dó ránṣẹ́ pé òun lè gba ọmọ kan síbi iṣẹ́, tó bá ṣáà ti mọ̀wé kà. Orí fóònù làwọn oníbàárà ń kọ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Ẹni tí kò bá rí ọ̀gá tó máa gbà á kò ní kúrò nílé náà lọ́dún yẹn. Kíá ni mo fa ọmọ mi sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, èyí tó gbó jù nínú àwọn ìwé wa ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹnì kan ti fa ewé kan ya nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ mọ ohun tó fi ṣe. Ojú ìwé kọkànlá àti ìkejìlá kò sí níbẹ̀ rárá. Ọmọ mi ka ìkẹwàá. Ó ka ìkọkànlá. Ó ka ìkejìlá, ó bọ́ sí ìkẹtàlá, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Nígbà tí àwọn yòókù jáde tán, mo ní kó fi ibi tó ti rí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn hàn mí.

"Orí mi ni wọ́n wà, Àǹtí," ló dáhùn. "Bá a ṣe ń ṣe é ní ilé-kéwú nìyẹn. Tí Ààfáà bá ti kà á, àwa náà á kà á títí á fi dúró lórí. Mo rò pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn."

Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́, ọmọ kan ṣì fi etí kàwé mọ́ mi lójú.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí káfíńtà wá fetí ara rẹ̀ gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń kàwé. Ojoojúmọ́ ni mo wá ń lọ. Láti orí a, b, d la ti bẹ̀rẹ̀, òógùn sì ń bọ́ lójú àwa méjèèjì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ó lè ka ìlà kan tán, bí ẹnikẹ́ni ò bá kán an lójú.

Lọ́jọ́ náà, mo rí ọ̀gá káfíńtà tó jókòó, tó fi pẹ́ńsù há etí, ẹ̀rù sì bà mí. Mo fa ọmọ náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

"Ka ibi tí wọ́n ti gbé apẹja lọ sí kóòtù," mo sọ fún un. "O ti mọ̀ ọ́n lórí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ó yọ apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí, irọ́ ló gbé mi débí. Ṣé irọ́ náà lẹ tún fẹ́ kí n fi jáde?"

Ó wọlé, ó gbé ìwé fún káfíńtà, ó ní kó ṣí ibi tó bá wù ú. Ibi tí a kò tíì kà dé rárá ni káfíńtà ṣí. Ọmọ náà fi ìka tẹ ìlà àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Ó kà, ó dúró, ó ṣì í, ó padà, ó tún un kà. Ìlà mẹ́ta péré, ènìyàn ì bá ti jẹ ẹ̀bà abọ́ kan tán. Àwọn agbẹjọ́rò mi tó jókòó lẹ́yìn kò sọ nǹkan kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ wọn.

Káfíńtà pa ìwé dé. "Wọ́n ní ó ń kàwé bí ẹni mumi," ó wí, ó sì wò mí. N kò gbé ojú sókè. "Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tó ṣì, òun fúnra ẹ̀ ló padà síbẹ̀. Àwọn tí mo ní ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n bá wọn pákó ṣì, wọ́n á gé e bẹ́ẹ̀ ni." Ó wá kọjú sí ọmọ náà. "Ọjọ́ Ajé. Tètè dé."

Títí dòní, ọmọ náà kò sọ ọ̀rọ̀ ìdí ẹ̀rọ omi fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ń kọjá lára mi lọ kó ẹrù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó wá rọra sọ ọ́ sí mi létí.

"Àǹtí, mo ti gba béèlì yín."