Àgbò Iléyá Tí A Pa fún Sójà Tí Kò Wá

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń yin ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá sójà, inú mi máa ń ru. Ẹ jẹ́ kí n wí tèmi.

Ayé òyìnbó ni, ogun wọn kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá sójà. Kì í ṣe bí a ti ń yìnbọn o, bí a ti ń ṣètò ogun ni: ibi tí sójà máa sùn, ohun tí wọ́n máa jẹ, ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn máa gbà. Ọ̀tà níbí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti wá ṣe ìdánrawò. Àwa ò mọ̀ pé ìdánrawò ni. Ta ló sọ fún wa?

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Káfíńtà ni ọkọ mi, mùsùlùmí òdodo, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í há. Bí wọ́n bá ti kírun Iléyá tán, kò sí ilé kan ládùúgbò tí ẹran wa kì í dé. Èmi ni mo bọ́ àgbò ọdún yẹn, èèpo iṣu, èèpo gbágùúdá, ó sanra débi pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, òyìnbó kan nínú wọn dé pẹ̀lú ògbufọ̀. Ó yọjú wo yàrá wa, ó béèrè ibi tí a ti ń pọnmi, ó wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn. Ọkọ mi bi ògbufọ̀ pé kí nìyẹn.

"Sójà méjìlá ló máa sùn síbí lọ́la," ló dáhùn. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi kó ẹrù wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yá ẹní kiri. Ó wá ní kí n tú àgbò wá kí òun pa á.

"Olówó orí mi, àgbò Iléyá kẹ̀?"

"Àlejò á wọlé wa, a ó wá fi ẹ̀fọ́ lásán bọ́ ọ? Ọlọ́run á pèsè òmíràn."

Inú bí mi, àmọ́ mo gbé ìkòkò kaná. Ìyá tó ń gbé iwájú ilé wa ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Ẹ máa sè é o, àwa ń wòran!"

A sè, a dúró. Ilẹ̀ ṣú, kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òyìnbó àti ògbufọ̀ padà dé pẹ̀lú àkísà tútù, wọ́n ń nu ṣọ́ọ̀kì. Agbádá wà lọ́rùn ọkọ mi.

"Àwọn àlejò wa dà?"

Ògbufọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Sójà wo? Kò sí sójà kankan. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́!" Ó sọ ọ́ fún òyìnbó, òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ìkòkò, ó mú sìgá kan fún ọkọ mi. Ọkọ mi tí kì í mu sìgá! Ó dì í mú síbẹ̀, kò mọ ibi tí yóò fi í sí. Ojú gbà mí tì. Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Gbogbo àdúgbò ló bá wa jẹ ẹran náà kó má baà bàjẹ́, ẹ̀rín wọn ò sì tán lẹ́nu. Iléyá ti dé tán, àgbò sì ti wọ́n kọjá agbára wa.

Lọ́jọ́ ọdún, ọkọ mi ti yídì dé, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìyá iwájú ilé gbé abọ́ ẹran wá. Ká ní ó fi mí ṣẹ̀sín ni, ǹ bá mọ èsì tí n ó fọ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ní, "Ẹ kú ọdún, ìyàwó. Ẹ bá wa fi jẹun." Ìyẹn ló pa mí jù.

Ọkọ mi béèrè láti inú yàrá, "Kí ni wọ́n gbé wá?"

"Ẹran ni."

Ó tún béèrè, "Ṣé ó tó ká bù fún ilé kejì?"

Mo wo abọ́ náà. Kò tó èmi àti òun pàápàá.

Mo ní ó tó.