Ojú Òsì Tí Kò Sí Nínú Síífì

Kò sẹ́ni tó ń wáṣẹ́ ládùúgbò náà tí kò mọ Ìyá Síífì. Ṣọ́ọ̀bù kótópó ló ti ń bá wọn tẹ ìwé ìwáṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní síífì. Bó o ro gbogbo wàhálà ayé rẹ fún un, ojú ewé kan péré ló máa fi lé ọ lọ́wọ́, tó mọ́ tónítóní. Iṣẹ́ tó o ṣe kẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ kọ. Kì í gba "èmi, èmi" láàyè. Bẹ́nì kan bá fẹ́ kọ àìsàn sí i, Ìyá Síífì á ní, "A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," á sì pa á rẹ́.

Ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wá kógbá sílé. Ó pẹ́ tí ọkùnrin náà fi jókòó sílé, tí kò lè wojú àwọn ọmọ. Nígbà tí ilé ìlagi kan ń wá òṣìṣẹ́, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ, ìyẹn ń tẹ̀.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú òsì mi ò ríran dáadáa mọ́."

"Ẹ fìyẹn sílẹ̀, Bàbá wọn."

"Igi ńlá ni wọ́n ń yí níbẹ̀ o. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà yín ná. Ẹ lè sọ fún wọn tó bá yá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Ìyá Síífì. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ."

Wọ́n gbà á. Ara àwọn ọmọ yá gágá. Kò sì sọ fẹ́nikẹ́ni, torí ta ló máa fẹnu ara rẹ̀ lé iṣẹ́ lọ? Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìtì igi kan yí bọ̀ láti apá òsì. Àwọn yòókù pariwo, wọ́n sá. Apá ọ̀tún lòun kọ́kọ́ wò.

Ọ̀gá ilé ìlagi wá kí opó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

"A ò mọ̀ pé ojú ń dà á láàmú, ìyá. Ká ní a mọ̀ ni, ibi tá a ti ń ka pákó là bá fi í sí."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ti obìnrin náà sì korò ju jogbo lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó tún ṣí ṣọ́ọ̀bù, nítorí àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ọkùnrin kan wọlé, ó ní ilé ìlagi ń wá ẹni tó máa rọ́pò olóògbé kan. Ọwọ́ ìyá náà dúró.

"Ṣé nǹkan kan ń ṣe ọ́ lára? Sọ fún mi, màá kọ ọ́ síbẹ̀."

Ọkùnrin náà fi ìka sẹ́nu, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Háà, Ìyá Síífì! Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni."