Ìdọ̀tí Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Bẹ̀ Fún

Ní ọdún tí mo fẹ́ ṣe tán nílé ẹ̀kọ́ gíga, láàárín àwọn ọdún 1990, ihò kékeré kan fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí ní wèrè. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni pé kí n dá ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ sára alumíníọ̀mù tí wọ́n po àwo fífọ́ tó kúnná mọ́. Omi iyọ̀, bátìrì mọ́tò àti abẹ́rẹ́ ni mo ní. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ fara kan irin rárá. Iná tó ń gba inú omi kọjá ni yóò máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Èmi ni kí n wádìí iye iyọ̀ àti iye iná tí ihò yóò fi gún régé. Bí mi ò bá rí i ṣe, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìyá mi ní Iléṣà ti ra aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá kan tí wọ́n ń rọ ìkòkò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, lÓṣogbo, ló bá mi yọ́ alumíníọ̀mù náà. Mo gbé àwo tí mo ti gún, tí mo sì ti jọ̀, fún wọn pé kí wọ́n dà á sí i. Wọ́n bi mí bóyá ara mi yá. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti abọ́ omi iyọ̀. Mo dín iyọ̀ kù, mo tún fi kún un, bí ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún àna. Nígbà tó yá, ihò jáde: ó gún, ó mọ́, ó ń dán. Mo jó yí bátìrì ká.

Olùkọ́ mi gé igun irin náà kan, ó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Ó tún un wò.

"Àwo tí o pò mọ́ ọn dà?"

Kò sí ẹyọ kan. Inú bí mi débi pé mo wọkọ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun láìjẹun, mo gbàgbé pé àgbà ni mo fẹ́ lọ bá jà. Bàbá ò tilẹ̀ sẹ́. Wọ́n ní ìdọ̀tí yẹn léfòó nígbà tí irin yọ́, àwọn sì bù ú dànù kí ojú má baà tì mí.

"Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń rọ ìkòkò, wọn ò bá iyanrìn nínú iṣẹ́ mi rí. Ṣé orí tìẹ ni orúkọ mi yóò ti wá bàjẹ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdọ̀tí. Wọ́n gbà nígbà tí mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ ẹni tó bá mi rọ ọ́. Wọ́n ń rò ó pọ̀ mọ́ irin yíyọ́, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ihò kejì wọ́, etí rẹ̀ rí játijàti. Òun ni olùkọ́ mi gbà. Ìyá mi wọ aṣọ wọn, mo sì kó irin méjèèjì lọ fi han Bàbá. Wọ́n ki òwú bọ ihò èyí tó mọ́, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí gbogbo ayé wá wo iṣẹ́ ọmọ àwọn. Wọ́n wá mú èyí tó gbàwé ẹ̀rí fún mi, wọ́n wò ó, wọ́n wo ìta.

"Tètè fi í sápò," ni wọ́n wí, "oníbàárà ń bọ̀."