Mo-Ń-Dúró

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé, olùkọ́ ìṣirò wa, béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì, tí ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó jókòó sórí àga onígi rẹ̀, àga dún kẹ̀ẹ̀, ó ní, "Mo ń dúró." Wákàtí kan kọjá. Ọ̀gá ẹ̀ka wọlé wá wo ohun tó dé. Olóògbé bi òun náà ní ìbéèrè ọ̀hún. Ọ̀gá, oníwèé ìwádìí ọgọ́rin, wo pátákó títí, ló bá rọra wá ibi jókòó láàárín àwọn ọmọ.

Bó ṣe di Mo-Ń-Dúró nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ tó ń gbé olùkọ́ ga bi í pé, "Ìwé ìwádìí yín dà?"

"Kò tíì parí. Mo ń wádìí ìdí tí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn fi máa ń sọ pé ó yé òun nígbà tí kò yé e. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọn ò sì gbé e ga. Olùkọ́ kékeré ló jẹ́ títí tó fi kú.

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ló rọ́pò rẹ̀, obìnrin tí ìwádìí kì í jẹ́ kó sinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé ìwádìí kan ránṣẹ́ kí aago mẹ́rin tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́dún yẹn. Ó fi ogún ìṣẹ́jú sáré ka iṣẹ́ fáwọn ọmọ.

"Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, mà!"

Ó dorí kọ ilẹ̀kùn. Àga onígi olóògbé, tó ṣì wà nígun yàrá, dún kẹ̀ẹ̀.

Kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Oòrùn ń ràn, síbẹ̀ òtútù mú un lẹ́sẹ̀. Gbogbo ọmọ ti yíjú sí igun náà. Ẹnu ara rẹ̀ ló gbọ́ tó sọ pé, "Mo ń dúró."

Ó dúró títí aago mẹ́rin fi ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

"Ẹ má bínú, mà. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kò ti yé mi."

"Kí ló dé tó o fi ń sọ pé ó yé ẹ?"

"Ẹ máa ń kánjú ni, mà. Àánú yín ló ń ṣe mí."

Ẹ̀rín pa á, ẹkún sì tẹ̀lé e. Bó bá sáré, ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè bá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ó mọ̀, ó sì dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n àárò bàbá olùkọ́ rẹ̀ ń sọ ọ́ ju ìyẹn lọ. Ó nu pátákó mọ́ tónítóní.

"Ó dáa, ọmọ mi. Ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."