Aṣọ Dókítà Tí Mo Kí, àti Ojú Tó Gba Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Mi

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi aṣọ di ojú méjèèjì wa mọ́tò láti èbúté Youpwè dé ọjà Marché Congo, ẹja tútù tí mo kó sẹ́yìn ló ń sọ fún mi pé, "Yà sọ́tùn-ún." Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ẹja.

Bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an kò pani lẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mò ń kó ẹja àwọn oníbàárà mi bọ̀, iná mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú fọ́n ká bí epo tó dà sórí omi. Mo nu gíláàsì mọ́tò, mo nu ojú mi, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Kò dùn mí, kò yún mi. Ó dà bí èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, àmọ́ èéfín yìí kò lọ mọ́. Ọlọ́kadà kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá bú mi. Mo bú u padà, kó má baà mọ̀ pé n kò rí i.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mọ́tò yẹn ni iṣẹ́ mi, òun náà ni ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ permis, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi, ti pé, wọn kì í sì í tún un ṣe láìsí ìwé dókítà pé ara awakọ̀ le, pé ojú rẹ̀ ríran. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ bí àwọn tó ṣáájú mi ṣe ń pe lẹ́tà ara ògiri sókè. Ìwé mi kò jìnnà, etí mi ló jìnnà. Kó tó kàn mí, mo ti há gbogbo rẹ̀ sórí.

Wọ́n pè mí, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi tẹ̀lé mi wọlé. Wọn kò tọ́ mi pé kí n wọlé tọ ènìyàn láì kí i. Mo rí dókítà tó dúró nínú aṣọ funfun lẹ́bàá ògiri, mo tẹ orí ba díẹ̀. "Bonjour, docteur. Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò dáhùn. Mo tún kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Kò dáhùn.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé báyìí ni dókítà yín ṣe máa ń gbéra ga?"

Obìnrin kan fọhùn láti ẹ̀yìn tábìlì lápá kejì yàrá: "Papa, c'est ma blouse."

Òun ni dókítà, aṣọ rẹ̀ tó gbé kọ́ sára ìṣó ni mo ń kí. Mo yára bẹ̀rẹ̀ sí í pe lẹ́tà tí mo há. Ó ní kí n fi lẹ́tà sílẹ̀, kí n wá jókòó.

Ó tan iná sí mi lójú, ó pẹ́ níbẹ̀. Kataráàtì ni, lójú méjèèjì. Bó ṣe là á yé mi ni pé ohun kan bíi dígí wà nínú ẹyinjú, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ó yẹ kó mọ́ gaara, àmọ́ bí ọjọ́ orí bá dé, ó lè funfun bí omi ògì. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú kì í fọ̀ ọ́. Abẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́, wọ́n á sì fi dígí àtọwọ́dá sí ipò rẹ̀. Kò fọwọ́ sí ìwé mi.

Níta, Àbẹ̀kẹ́ ti ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kì í pẹ́ tán.

"Papa, kò sí clé."

"Ta ló bí ẹnì kejì nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ jókòó sí apá ibẹ̀ yẹn."

Ó wà mí lọ sílé bí apẹ̀rẹ̀ ẹja. Láti ọjọ́ náà ni ilé ti di àgò adìẹ fún mi. Mò ń gbọ́ ìró mọ́tò lójú títì, mo mọ èyí tí jíà rẹ̀ ń ṣàìsàn. Tèmi wà níwájú ilé, eruku bò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, n ó dákẹ́ títí yóò fi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kí ojú mọ ìrora, ṣùgbọ́n n kò sùn. Wọ́n fi aṣọ bò mí lórí, wọ́n dá ihò sí i fún ojú kan. Ẹ̀yin tí yóò kàn, ẹ gbọ́: abẹ́rẹ́ yẹn ta mí, abẹ kò dùn mí. Ohun tó ni mí lára ni pé n kò gbọdọ̀ mira. Imú ń yún mi, mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe, n kò sì níbi tí mo lè sá sí. Nọ́ọ̀sì kan fún mi lọ́wọ́ dì mú. Mo fún un mọ́ra títí ó fi ní, "Papa, doucement," pé kí n rọra.

Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ tẹ̀ ba, n kò gbọdọ̀ gbé ẹrù, kí omi má kan ojú. Orí àga ni mo ti ń kírun. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú náà, ó ń ṣomi, ó ń rí bàìbàì, díẹ̀díẹ̀ ló mọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí dáadáa ni orí Àbẹ̀kẹ́.

"Ìgbà wo ni ìwọ hu ewú?"

"Ìgbà tí ẹ̀ ń wa mọ́tò, Papa."

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo ka lẹ́tà ara ògiri títí kan èyí tó kéré jù lọ. Ó fọwọ́ sí ìwé mi. Mo gba permis, mo kó ẹja wọ ọjà, àwọn ọlọ́pàá sì dìde dúró kí mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ lójú mi. Ara yìí ti gbé mi láti kékeré láìbéèrè nǹkan kan, èmi ni mo sọ ọ́ di ẹrú mọ́tò. Ṣùgbọ́n nítorí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn yìí tí ojú tirẹ̀ náà ń ṣú, n ó sọ ibi tí mo ti hùmọ̀. Lóòótọ́ ni mo ka lẹ́tà, ojú kan ṣoṣo ni mo sì fi kà á. Dókítà kò fọwọ́ sí i. Ó ní ojú kejì ṣì wà níbẹ̀, bí a bá sì ṣe é tán, òun kò lè ṣèlérí pé òun á fọwọ́ sí ìwé náà. Àbẹ̀kẹ́ ló ṣì ń wà mí. Permis kò sí, ọlọ́pàá kankan kò sì dìde.